Ihò Òkè àti Ihò Ìsàlẹ̀ ní Ìlú Ayọjú

Òjò yìí kò ní dá bọ̀rọ̀. Ẹ fà mọ́ ibi iná, ẹ máa jẹ àgbàdo yín, kí ẹ sì dákẹ́ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ ìtàn mi, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ibi tí mo lọ. Bí ó bá padà wá láàyè, màá dìde fún un lórí àga yìí. Èmi Ọdẹ́rìndé, Apẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn, mo ti bá iwin olórí mẹ́ta jẹun nínú àwo kan, tí àwọn orí náà ń bá ara wọn jà lórí ẹran, tí mo sì kó ẹran náà jẹ kí wọ́n tó parí ìjà. Láṣùpọ̀, má rẹ́rìn-ín o! Bàbá tìrẹ tí a jọ ń ṣọdẹ, ọjọ́ tó gbọ́ ohùn ìkookò, orí igi ni a ti lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kò dùn. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń wá ẹ̀rín lè gba inú òjò lọ sílé rẹ̀.

Ní ilé tiwa, ọdẹ kì í wẹ̀yìn. Ohun tí ọmọ ilé wa bá ti wò, ó ti wò ó tán nìyẹn. Bí ó bá padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ìbọn rẹ̀ kò ní pa ẹran mọ́ títí ayé. Bàbá wa ló fi kọ́ wa, bàbá rẹ̀ ló fi kọ́ òun náà. Èmi ni mo wá fi ṣe oríkì, mo fi ń yangàn láàárín ọdẹ ẹgbẹ́ mi.

Àbúrò kan wà fún mi, Ọdẹ́wùmí, ìyá kan náà ló bí wa. Ọwọ́ ọmọ náà dúró lórí ìbọn ju tèmi lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ fún un rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa méjèèjì wọ Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́, níbi tí ewé ti ń já bọ́ láìdún. Ẹtu kan yọ, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní, "Ọdẹ́wùmí, yìn ín!" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ ni?" Mo ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ ni a fẹ́ jẹ ni, àbí ẹran? Yìn ín jàre!" Ó yìn ín. Ẹtu ṣubú, ó sì kígbe bí ènìyàn.

Kí n tó mí èémí kejì, ilẹ̀ là, àwọn ènìyàn ń jáde. Ojú kan ṣoṣo ló wà níwájú orí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì ju hóró ẹ̀wà lọ. Ojú náà kéré dé ibi pé wọn ò lè rí odidi ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan wo ẹsẹ̀ mi, òmíràn wo àyà mi, ẹ̀kẹta wo fìlà, wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn kí wọ́n tó gbà pé ènìyàn ni mo jẹ́. Àwọn ni ará Ìlú Ayọjú. Ẹtu tí a yìn, ìránṣẹ́ ọba wọn ni.

Wọ́n ní, "Ta ló yìn ín?"

Ẹnu mi wúwo. Ọdẹ́wùmí ló ní, "Èmi ni." Wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀. Olórí wọn kọjú sí mi, ó ní, "Bí o bá fẹ́ ẹ padà, wá bá ọba wa." Ilẹ̀ padé mọ́ wọn lórí. Igbó dákẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo gbéra. Bí mo bá ní kí n ka gbogbo ìyà ọ̀nà yẹn, òjò yóò dá, ẹ̀ẹ̀rùn yóò dé, ẹ ó ṣì wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Mo dé Igbó Apenilẹ́yìn. Bí mo ti wọ̀ ọ́ ni mo rí ògán lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tò bí ènìyàn tó ń wo ìran. Fìlà wà lórí òmíràn, gèlè wà lórí òmíràn. Mo ṣì ń ṣe kàyéfì ni ohùn kan pè mí láti ẹ̀yìn: "Àlàó! Àlàó ọmọ mi, dúró dè mí, ẹ̀gún ti gún mi!" Ohùn ìyá mi ni, tó ń fi oríkì mi pè mí, kò yàtọ̀. Ó sunkún, ó fi ọmú tí mo mu bẹ̀ mí. Òógùn bò mí, ṣùgbọ́n mi ò yíjú. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń fi ohùn ìyàwó rẹ̀ pè ń rìn níwájú mi. Ó yíjú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ di amọ̀, lẹ́yìn náà ọrùn, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó nà sí mi pé kí n fa òun. Mi ò fà á. Mo kọjá lára rẹ̀, mo ń kọ oríkì ara mi ketekete: Apẹfọ̀n-má-wẹ̀yìn! Ọjọ́ yẹn ni ìgbéraga mi lé téńté. Èèwọ̀ ilé wa gbà mí là, mo sì rò pé kò sí ibi tí kò ti lè gbà mí.

Mo dé Ìlú Ayọjú lọ́sàn-án gangan, wọ́n mú mi lọ sí ààfin. Ọba Òǹrorò wà lórí ìtẹ́. Ojú kan ni òun náà ní, ṣùgbọ́n ojú náà gbòòrò bí àtẹ, kì í sì í ṣẹ́. Bí ó bá wo yàrá, gbogbo yàrá ló rí lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan eèrà abẹ́ ẹní. Ó kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó ní, "Ọdẹ, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ọ̀nà kò le jù? Ẹ bu omi tútù fún un." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bẹ̀rù ìkà tó bá mọ̀ ọ́n kí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, àbúrò mi ni mo wá gbà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Iṣẹ́ kékeré kan ni màá rán ọ. Bí o bá jẹ́ ẹ, o ó mú un lọ. Mi ò purọ́ rí."

Ó mú mi dé ẹ̀yìn ààfin. Ògiri gígùn kan wà níbẹ̀, ihò sì wà lára rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Mo rò pé àká ni, ibi tí wọ́n ń kó iṣu àti ọkà sí. Ọba ní, "Àká ni lóòótọ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ní ibi tí o dúró sí yìí, iwin kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri. Kìídúró ni orúkọ rẹ̀. Ó ń fi igbá bu omi sí ìkòkò, kì í sinmi. Bí ó bá bu igbá kan, yóò fi òkúta kan sílẹ̀. Bí igbá bá pé mẹ́wàá, ìkòkò ti kún. Yóò gbé e sórí pẹpẹ, yóò gbá gbogbo òkúta kúrò nílẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí pẹpẹ bá kún, a ó kó gbogbo ìkòkò kúrò lórí rẹ̀."

Ihò méjì ló wà fún iwin yìí. Ihò òkè ga bákan náà pẹ̀lú ojú mi. Ìkòkò tó ti kún nìkan ni a lè rí níbẹ̀. Ihò ìsàlẹ̀ wà nílẹ̀, àfi kí ènìyàn dojú bolẹ̀ kó tó lè yọjú. Òkúta nìkan ni a lè rí níbẹ̀. Ẹnu ihò méjèèjì kò ju ẹnu agbè lọ.

Ọba ní, "Wò ó, kí o wá sọ fún mi: ìkòkò mélòó, òkúta mélòó. Mi ò ní kí o sọ ohun tó wà níbẹ̀ nígbà tí o bá dé ọ̀dọ̀ mi, iwin kì í dúró. Mo fẹ́ kí iye méjèèjì jẹ́ òótọ́ pọ̀ ní ìṣẹ́jú-akàn kan náà nígbà tí o wà lẹ́bàá ògiri. Ìwọ nìkan ni yóò wò ó, o kò gbọdọ̀ ní olùrànlọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí o bá ṣì í lónìí, ìka. Bí o bá ṣì í lọ́la, ojú. Bí o bá ṣì í lọ́túnla, orí."

Mo ní, "Orí mi, Kábíyèsí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ta ní fẹ́ orí rẹ? Tàbúrò rẹ ni."

Wọ́n mú Ọdẹ́wùmí jáde, wọ́n dè é mọ́ òpó níbi tó ti ń wò mí. Ó fi orí kí mi, ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà gbẹ́kẹ̀ lé mi. Mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé, èmi tí mo ń ka ipasẹ̀ ẹtu nínú òkùnkùn, ìkòkò ni wọ́n ní kí n kà? Iṣẹ́ ọmọdé!

Mo yọjú lókè. Ìkòkò méje. Mo dojú bolẹ̀ kíá, mo yọjú nísàlẹ̀. Òkúta kan. Mo dìde, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ lára, mo lọ bá ọba. "Kábíyèsí, ìkòkò méje, òkúta kan."

Ọba mi orí. "Nígbà tí o yọjú lókè, ìkòkò méje ni, òkúta mẹ́jọ. Kí o tó dé ìsàlẹ̀, ìkòkò ti kún: ó di mẹ́jọ, òkúta kan. Méje àti ọ̀kan tí o sọ yẹn, o kò tíì dé ẹ̀bá ògiri nígbà tó kọjá lọ. O ti mú orí ẹran kan, o fi ìrù ẹran mìíràn sí i, o gbé e wá fún mi pé odidi ẹran nìyí."

Ó juwọ́. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Ọdẹ́wùmí sórí igi, wọ́n gé ìka tó fi ń yin ìbọn. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó wá fi eyín di ètè rẹ̀. Ìka náà bọ́ sílẹ̀, ó tún ká kò bí ẹni tó fẹ́ yìn. Ìyẹn ṣì ń wọ inú oorun mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó sí ẹ̀yìn ààfin, orí mi ń gbóná. Ìyá arúgbó kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀, olójú méjì bíi tiwa, ará ayé ni. Ìyá Adéróunmú ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ti mú òun àti ọkọ rẹ̀ wá. Ó fi ìgbálẹ̀ gún mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ṣé wàá gbọ́ ọ̀rọ̀? Alárìnkiri kan wọ yàrá. O bá a níbẹ̀, o lọ bu omi wá. Kí ni o fi mọ̀ pé kò tíì jáde?"

Mo ní, "Màá padà lọ wò ó ni, kí ni ìbéèrè nínú ìyẹn?"

Ó ní, "O ti dáhùn. Wo òkè, wo ìsàlẹ̀, kí o tún padà wo òkè. Bí òkè bá ṣì rí bó ti rí, òótọ́ ni ìsàlẹ̀ bá a mu. Bí òkè bá ti yí padà, gbàgbé ohun tí o rí, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ti kú tán kí n tó mọ èyí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá dé."

Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ àgbàdo. Ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké. Kì í ṣe pé kò yé mi. Ṣùgbọ́n padà wo ibi tí mo ti wò? Èmi? Kí ìbọn mi kú mọ́ mi lọ́wọ́, kí n máa jókòó sílé ta ẹ̀pà? Mo ní, "Ìyá, ẹ máa gbálẹ̀ yín. Ọdẹ ilé wa kì í wẹ̀yìn." Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ojú kì í kúkú ṣe tìrẹ." Ó tẹ̀síwájú, ó ń gbálẹ̀.

Mo rò ó títí, mo wá ọgbọ́n mìíràn tí kò ní rú èèwọ̀. Mo ní bí wíwo òkè ṣáájú bá ṣì mí lọ́nà, ìsàlẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dojú bolẹ̀: òkúta mẹ́jọ. Mo fò sókè: ìkòkò méjìlá. Mo sáré tọ ọba lọ, mi ò tilẹ̀ gbọn yẹ̀pẹ̀.

"Ìkòkò méjìlá, òkúta mẹ́jọ!"

Ọba fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Ọdẹ, àná o gbé ohun tó ti lọ wá. Lónìí o gbé èyí tí kò tíì dé. Mọ́kànlá ni ìkòkò nígbà tí o rí òkúta mẹ́jọ. Kí o tó dìde, ó di méjìlá, òkúta ti di ọ̀kan."

Mo wólẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ gba ojú tèmi!"

Ó ní, "Kí ni o máa wá fi wò lọ́la?"

Èmi kò ní sọ bí wọ́n ti yọ ojú náà. Ìyá tó gbé ọmọ dání wà láàárín wa. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ọ̀tún Ọdẹ́wùmí, ó pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?"

Mo wo ọmọ ìyá mi lójú kan tó kù, mo ní, "Kò sí. Mo ń gbìyànjú."

Bí mo ṣe purọ́ nìyẹn. Ìyá Ṣẹ̀gilọlá, má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ sọ̀kò ọ̀rọ̀, dúró kí n parí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n ti tẹ́ ọrùn rẹ̀ sórí igi kí n tó dé ògiri. Apààyàn ń pọ́n idà, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ máa sè. Mo yọjú lókè: ìkòkò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo dojú bolẹ̀: òkúta kan. Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ ọba bó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ara mi ní kí n máa lọ. Mo di ògiri mú, mo fi ipá tẹ orí ara mi padà sí ihò òkè, omijé ń bọ́ lójú mi. Ìkòkò ti di mẹ́rìndínlógún!

Bí mo bá ti lọ ni, orí ìbá ti bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkè: mẹ́rìndínlógún. Ìsàlẹ̀: òkúta márùn-ún. Òkè lẹ́ẹ̀kan sí i: mẹ́rìndínlógún, kò yẹ̀. Mo lọ bá ọba. "Ìkòkò mẹ́rìndínlógún, òkúta márùn-ún."

Ojú tó gbòòrò yẹn wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ tú u sílẹ̀." Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n kò purọ́. Ó tilẹ̀ fún wa lẹ́bùn ìdágbére, ohun kan tí wọ́n fi ewé eéran wé. Mo tú u wò. Ìka Ọdẹ́wùmí ni, àti ojú rẹ̀. Ọba ní, "Ẹrù ẹlẹ́rù ni. Èmi kì í jalè."

A ń jáde lọ, mo gbé apá àbúrò mi lé èjìká. Ìyá Adéróunmú wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbálẹ̀. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. O ṣeun tí o padà wò ó nígbẹ̀yìn. Ká ní o ti gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún ọ ni, ojú ọmọkùnrin yìí ì bá wà lórí rẹ̀."

Ọdẹ́wùmí dúró. Ó mú apá rẹ̀ kúrò léjìká mi. Ó ní, "Ọjọ́ wo ni ìyá yìí sọ fún yín?"

Mi ò lè purọ́ kejì. Mo ní, "Ọjọ́ ìka."

Ó ń rìn níwájú mi, ó ń kọsẹ̀ lára gbòǹgbò tí kò rí lápá ọ̀tún, kò sì jẹ́ kí n di òun mú. Ebi pa wá lọ́nà. Ẹtu kan dúró lókèèrè. Mo gbé ìbọn sókè, mo mọ̀ pé yóò kọ̀, nítorí mo ti rú èèwọ̀. Mo tiẹ̀ ń gbàdúrà pé kí ó kọ̀. Mo yìn ín. Ẹtu ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ìbọn náà kò mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan! Ọdẹ́wùmí wo ẹran, ó wo ìbọn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iwin kankan.

Nígbà tí a rí òrùlé ilé wa lókèèrè ló tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún ìyá wa pé ọba ló ṣe é."

A wọlé. Ìyá wa ń po ọbẹ̀ lórí iná. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ọmọ wọn, orógùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ihò ojú náà, wọ́n tọ́ kùkùté ìka náà. Wọ́n ní, "Ta ló ṣe ọmọ mi báyìí?"

Ojú kan tó kù fún Ọdẹ́wùmí ló fi ń wò mí.

Mo ní, "Èmi ni, ìyá mi." Mo dojú bolẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Wọn ò bú mi. Wọn ò sunkún lójú mi. Wọ́n mú orógùn nílẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n bu oúnjẹ fún Ọdẹ́wùmí, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n da omi pa iná. Wọ́n lo ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Láàárín ọdún mọ́kànlá yẹn, wọn ò pè mí ní Àlàó mọ́. "Ọdẹ́rìndé" ni, bí ènìyàn ti ń pe ará ilé kejì tó wá yá iyọ̀.

Ó tó. Òjò ti dá. Kí oníkálùkù gbé àga rẹ̀, kí ó máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀.